Àwọ̀ Pupa Tí Ásíìdì Kò Lè Fọ̀

Àwọ̀ ewé ni mo ń pa lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀, nítorí òun ni kò jẹ́ kí n rí ọ̀nà tan ara mi jẹ. Àwọ̀ ewé àti búlúù nìkan ló wà nínú ike, kò sí aró pupa kankan níta. Mo tẹ́ aṣọ gíńnì funfun oníbàárà kan sórí tábìlì, mo fẹ́ fi fóòmù tẹ àbẹ́là yíyọ́ sí i lára, ni ikọ́ bá gbé mi. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu, mo wúkọ́ títí omi fi ń jáde lójú mi. Nígbà tí mo lajú, pupa ti kán sórí gíńnì náà.

Aláró mọ pupa sí pupa. Aró a máa tàn nínú òwú, etí rẹ̀ kì í hàn ketekete. Èyí dúró sójú kan, ó ń dán, ó sì fẹ́ lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà tí mo fọwọ́ kàn án. Mo mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ni, mo sì mọ̀ pé inú mi ló ti wá. Kí ni mo wá ṣe? Mo da omi tútù àti iyọ̀ sí i, mo fọ̀ ọ́ títí ó fi lọ, mo sì bá iṣẹ́ mi lọ. Aṣọ ìkómọ ni, oníbàárà kò sì gbọdọ̀ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sétí.

Rìsíkátù lorúkọ mi, Ìyá Fàtí ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò. Ìdílé aláró ní Òṣogbo ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n Festac ni mo ti ń jẹun. A ń gbé ní bọ́ìsì kọ́tà ẹ̀yìn ilé kan, ní kílóòsì kan tó yà láti Fọ́ọ̀tì Àfẹ́níù: èmi, Múfú ọkọ mi, àti Fàtí ọmọ wa tó ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́rin. Ẹ̀yìn ilé yẹn, lẹ́bàá kánáálì, ni mo ti ń pa kàmpálà tí mo ń kó lọ fún àwọn aláṣọ ní ọjà Agboju. Ìgbà yẹn ni fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀lú, tí ẹni tó bá ní i ń gbé e dání bí ẹni gbé ẹyin.

Ikọ́ náà ti wà lára mi ṣáájú ọjọ́ yẹn. Sódà ni gbogbo wa dá lẹ́bi. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa mọ̀ pé bí a bá da sódà àti háídírọ̀, kẹ́míkà tó ń mú aró wọ aṣọ, sínú omi gbígbóná, èéfín rẹ̀ a máa ta ni nímú, a sì máa ha ni lọ́fun. Kò sí aláró kàmpálà tí kì í wúkọ́. Ohun tó ṣì wá lọ́nà nìyẹn: ìdáhùn ti wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó béèrè. Mo ra oògùn ikọ́ ní kẹ́míìsì, mo mu ún tán, mo ra òmíràn. Wọ́n ní ibà ni, mo lo ti ibà. Wọ́n ní tàífọ́ọ̀dù ni, mo lo ti tàífọ́ọ̀dù. Ikọ́ kò gbọ́ ti ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Ẹ̀yin tí irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ sí, ẹ fetí sí mi níbí. Ikọ́ tó bá ti ń lọ sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kì í ṣe ikọ́ èéfín mọ́, iṣẹ́ yòówù kí ẹ máa ṣe. Ara mi a gbóná nírọ̀lẹ́, a tún balẹ̀ lówùúrọ̀, bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan. Bí mo bá sùn, òógùn a bò mí títí aṣọ ìbùsùn a fi rin gbindin. Oúnjẹ kò wù mí. Ẹ̀gbà ọwọ́ tó jẹ́ pé ọṣẹ ni wọ́n fi bọ̀ ọ́ sí mi lọ́wọ́ nígbà ìgbéyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́ fúnra rẹ̀ sínú ike aró. Àwọn oníbàárà ń kí mi kú oríire. Wọ́n ní mo ti di pẹ́lẹ́ńgẹ́, wọ́n ń bi mí léèrè ohun tí mò ń lò. Lábẹ́ èjìká mi òsì, ìrora kan wà tó ń gún mi bí mo bá mí kanlẹ̀, mo sì kọ́ bí a ṣe ń mí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń jí èémí gbé.

Múfú ló ránṣẹ́ sí ìyá mi ní Òṣogbo. Wọ́n dé pẹ̀lú àpò ẹrù kan àti àpò obì kan, nítorí ìyá mi lè gbàgbé oúnjẹ, wọn kì í gbàgbé obì. Àwọn náà aláró ni, aró ẹ̀lú ayé àtijọ́, ìka wọn kò sì tíì bọ́ lọ́wọ́ àwọ̀ rẹ̀ di òní. Wọ́n gba ìdáná lọ́wọ́ mi, wọ́n gba ìfọṣọ. Fàtí nìkan ni wọn kò rí gbà. Ọmọ yẹn kọ̀, àfi kó sùn tì mí, kó gbé etí lé mi láyà. Ó ní nǹkan ń dún níbẹ̀ bí ìgbà tí ìkòkò ń hó.

Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní ọ̀nà Alákijà ni a kọ́kọ́ lọ. Dókítà náà ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fi ohun ìgbọ́yà rẹ̀ gbọ́ ẹ̀yìn mi, ó ní kí n lọ ya ẹ́síréè, ìyẹn àwòrán tó ń fi inú ara hàn. Ó gbé àwòrán náà sókè sí ojú fèrèsé, ó fi bírò tọ́ ibi tó funfun bí ìkùukùu nínú ẹ̀dọ̀fóró mi, ibi tó yẹ kó dúdú. Ó ní ó lè jẹ́ nimóníà, ó sì lè jẹ́ ikọ́ ife. Ó sọ ọ́ gbangba, bẹ́ẹ̀ ní ilé wa a kì í pe orúkọ yẹn, ikọ́ burúkú la máa ń pè é. Ó ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi nìkan ló lè sọ èyí tó jẹ́. Ó fún mi ní ike kéékèèké onídèérí, ó ní kí n máa wú u síbẹ̀ láràárọ̀ kí n tó jẹun, kí á máa gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò ìjọba ní Amuwo-Odofin.

Ara mi kò gbé ìrìn yẹn. Ìyá mi ní àwọn yóò máa gbé e lọ. Láràárọ̀, mo máa ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, mo máa wúkọ́ títí ohun tó wà nísàlẹ̀ àyà yóò fi gòkè wá, pẹ̀lú ìrora tí mi ò ní purọ́ nípa rẹ̀. Ìyá mi yóò gba ike náà, wọn yóò fi ìborùn bò ó, wọn yóò sì jáde.

Èsì dé: kò sí kòkòrò ikọ́ ife. Múfú dọ̀bálẹ̀ fún Ọlọ́run nínú yàrá. Èmi náà dúpẹ́. Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í gún mi lábẹ́rẹ́ nimóníà, a sì fi ọkàn balẹ̀ ní ilé. Ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ fi ojú sí. Nítorí pé ìwé ní àyà mi mọ́, mo jẹ́ kí ọmọ mi máa sùn lé e. Òjò ń rọ̀ lásìkò náà, a máa ń ti fèrèsé pa kí òtútù má baà mú wa, Fàtí á sì sùn sí mi láyà, mo ń wúkọ́ sókè orí rẹ̀.

Nígbà tí mo ṣubú lẹ́bàá ẹ̀rọ omi, tí mi ò lè dá dìde, dókítà ní kí á tún àyẹ̀wò ṣe, àti pé kí èmi fúnra mi lọ lọ́tẹ̀ yìí. Múfú háyà ọkọ̀. Ìyá mi bá wa lọ. Obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá àyẹ̀wò náà ga, ó wọ aṣọ funfun, gbogbo èèyàn sì ń pè é ní Àǹtí Fúnkẹ́. Ó gbọ́ orúkọ mi ní ojú wíńdò, ó wo ojú mi, ó wo ìyá mi lórí bẹ́ńṣì.

"Ìyá Fàtí, ẹ má bínú o. Ṣé ẹ máa ń jẹ obì?"

"Èmi kẹ̀? Mi ò jẹ obì rí láyé mi. Ó korò."

"Ó dáa. Nítorí èyí tí màmá ń gbé wá nígbà yẹn, itọ́ lásán ni, ó pọ́n bí omi obì. Mo sọ fún wọn pé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ inú àyà la fẹ́. Wọ́n ní àwọn á sọ fún yín."

Mo yíjú sí ìyá mi. Obì wà lẹ́nu wọn bí ó ti ń wà. Wọn ò jẹ ẹ́ mọ́, wọ́n kàn há a sí ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ìta, lábẹ́ igi fúrúùtù, ni wọ́n ti sọ ọ́ fún mi. Wọn ò sunkún, wọn ò sì bẹ̀ mí. "Rìsí, a kì í gbé itọ́ ọmọ ẹni lé ẹni tí a kò mọ̀ lọ́wọ́. Ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè fi ṣe ohunkóhun. Mo da tìẹ sílẹ̀, mo fi yẹ̀pẹ̀ bò ó, mo sì tu tèmi sí i. Mo ní bí wọ́n bá máa fi ṣe èèyàn, kí wọ́n fi ṣe èmi. Èmi ti gbó."

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí ilé bíi tiwa mọ̀ pé kì í ṣe òmùgọ̀ ni ìyá mi. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ èmi náà pé bí mo bá tutọ́, kí n fi ẹsẹ̀ wa yẹ̀pẹ̀ bò ó. Bí mo bá gẹ irun, kí n ṣa á. Bí mo bá gé èékánná, kí n má fi í sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe ohun tí wọ́n ṣe. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, mo sì bínú síbẹ̀. Orúkọ kan ṣoṣo ló jáde lẹ́nu mi.

"Ìyá, Fàtí ńkọ́?"

Ọjọ́ yẹn ni mo pa ẹnu mi mọ́ sí ìyá mi, àfi ẹ káàárọ̀ àti ẹ káalẹ́.

Ẹ̀yìn yàrá àyẹ̀wò náà, ní gbangba tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, ni Àǹtí Fúnkẹ́ ní kí n ti wú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà. Ó kọ́ mi láti ọ̀nà jíjìn: kí n fa èémí kanlẹ̀, kí n mú un dúró díẹ̀, kí n tún un ṣe, kí n wá wúkọ́ láti ìsàlẹ̀ ikùn. Ohun tó jáde nípọn, ó ní àwọ̀ ìyeyè, ẹ̀jẹ̀ sì fa ìlà sí i lára. Bí ẹ bá ní irú àyẹ̀wò yìí ṣe, ẹ má tijú. Itọ́ mímọ́ kò ní sọ nǹkan kan fún wọn. Ohun tí ẹ ń kórìíra láti wò gan-an ni wọ́n ń wá.

Ó ní kí n padà wá gba èsì lọ́jọ́ kejì. Mo ní èsì nìkan kò tó mi.

"Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i, Àǹtí. Wọ́n ti kọ ọ́ fún mi lórí ìwé lẹ́ẹ̀kan pé kò sí."

"Aláìsàn kì í wọ inú láàbù wa, Ìyá Fàtí."

"Aláró ni mí. Ẹ sọ fún mi, báwo lẹ ṣe ń rí ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀?"

"À ń pa á láró ni."

Mo rò pé ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, àṣé òótọ́ ni. Nígbà tí mo padà dé lọ́jọ́ kejì, ó mú ìbòmú kan fún mi, ó ní kí n dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó sì ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún mi bí oníṣẹ́ ṣe ń ṣàlàyé fún oníṣẹ́. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ìwọ̀nba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ra gíláàsì pẹlẹbẹ kan, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, wọ́n á fi iná rà á kó lè lẹ̀ mọ́ ọn, kí ohun tó wà níbẹ̀ sì kú. Wọ́n á da aró pupa bò ó. Wọ́n á fi iná kékeré sí i nísàlẹ̀ títí èéfín yóò fi máa rú lára aró náà, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ hó. Wọ́n á fi omi ṣàn án. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á da ásíìdì tí wọ́n fi sípíríìtì pò sí i, gbogbo pupa yóò sì ṣàn lọ. Wọ́n á wá fi aró búlúù pa á. Ohunkóhun tó bá wà lórí gíláàsì náà á di búlúù, àyàfi kòkòrò ikọ́ ife. Òun nìkan ni ásíìdì kò lè gba pupa lára rẹ̀.

"Kí ló dé tí tirẹ̀ kò fi lọ?"

"Ara rẹ̀ ní ọ̀rá, ó dà bí àbẹ́là. Iná ló ń jẹ́ kí aró ráyè wọlé. Bó bá tutù, ọ̀rá yẹn á sé mọ́ ọn, kò sí ohun tó lè fọ̀ ọ́ jáde mọ́."

Mo dúró síbẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín nínú ìbòmú, èmi tí mi ò rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí mo ti ṣubú. Àbẹ́là. Iṣẹ́ mi ni. Àbẹ́là ni èmi fi ń lé aró sẹ́yìn kí funfun lè dúró lára aṣọ. Òun fi tirẹ̀ há aró mọ́nú ara rẹ̀. Àrùn tó ń jẹ mí mọ iṣẹ́ ọwọ́ mi. Àǹtí Fúnkẹ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ń bọ̀, ó ní kí n wá kíákíá, kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan.

Awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wà lórí tábìlì. Mo tẹ ojú kan mọ́ ọn. Ní àkọ́kọ́ ìpéǹpéjú ara mi ni mo ń rí. Lẹ́yìn náà ni búlúù tẹ́ rẹrẹ, búlúù tó dára tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ní mo máa fi irú rẹ̀ pa aṣọ lọ́jọ́ kan. Àárín rẹ̀ ni wọ́n wà: pupa, tín-ín-rín, àwọn kan tẹ̀ díẹ̀, àwọn mìíràn dábùú ara wọn bí igi ìdáná tí wọ́n dà sílẹ̀. Ó pọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń wò ó, ìbẹ̀rù mi ń di ìbínú. Ìwọ ni? Ìwọ tí awò ńlá gbọ́dọ̀ gbè kí èèyàn tó rí ọ, ìwọ lo gba ẹ̀gbà lọ́wọ́ mi, tí o fẹ́ gba ọmọ mi? Mo gbé ojú kúrò, mo sọ fún Àǹtí Fúnkẹ́ pé mo ti mọ̀ ọ́n, kò lè sá fún mi mọ́.

Wọ́n ní kí gbogbo ilé wá ṣe àyẹ̀wò. Àyà Múfú mọ́. Ti ìyá mi mọ́ pẹ̀lú. Ẹ wá rí i pé èsì àkọ́kọ́ yẹn kò parọ́ rárá, itọ́ ìyá mi ni wọ́n yẹ̀ wò, kò sì sí kòkòrò níbẹ̀. Ti Fàtí ni ó ṣòro. Nọ́ọ̀sì gún un lábẹ́rẹ́ kékeré kan sábẹ́ awọ ọwọ́, ó ní kí á gbé e padà wá lẹ́yìn ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Bí ojú ibi tó gún bá wú, kòkòrò ti wọ ara rẹ̀. Gbogbo àkókò yẹn, ọwọ́ ọmọ náà ni mò ń wò, mi ò wo ojú rẹ̀ mọ́. Ó wú. Nọ́ọ̀sì fi rúlà wọ̀n ọ́n, mo sì ti mọ̀.

Dókítà ilé ìwòsàn ìjọba náà ṣàlàyé fún wa pé ẹ́síréè ọmọ náà mọ́, kò wúkọ́, kò rù. Kòkòrò náà wà lára rẹ̀, ó sì sùn. Oògùn ni kò ní jẹ́ kó jí. Fàtí yóò máa lò ó fún oṣù mẹ́fà, èmi yóò lo tèmi fún oṣù mẹ́jọ, mi ò sì gbọdọ̀ dá a dúró bí ara bá yá, nítorí èyí tó bá ṣẹ́kù yóò kọ́ bí a ti ń bá oògùn jà. Kí Fàtí má sùn tì mí fún ìgbà kan, kí fèrèsé máa wà ní ṣíṣí. Mo bi í bóyá kí n ya abọ́ àti ife mi sọ́tọ̀. Ó ní rárá, afẹ́fẹ́ ni ó ń gbà, kì í gba abọ́.

Láràárọ̀ ni mò ń lọ gbé oògùn mì lójú nọ́ọ̀sì. Ẹ̀kúnwọ́ ni. Èébì ń gbé mi, oríkèé ń dùn mí, ìtọ̀ mi sì pọ́n bí omi tí a fi ṣan aró pupa. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé oògùn ló fà á, ẹ̀yin náà ẹ má bẹ̀rù bí ẹ bá rí i. Fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ayé mi, inú mi ló ń pa nǹkan láró, kì í ṣe ọwọ́ mi.

Ìròyìn kì í dúró sójú kan ní kílóòsì wa. Ìyá Kẹ́mi tó ń gbé ilé iwájú wá bá mi lẹ́bàá okùn aṣọ. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn.

"Ìyá Fàtí, a ò bá yín jà o. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sá aṣọ yín sórí layínì wa mọ́. Ṣé ẹ ò wá ní lọ tọ́jú ara yín ní Òṣogbo ná? Ilé lẹni ti ń gbádùn."

"Ìyá Kẹ́mi, ẹ ṣeun. Ikọ́ ife kì í gun okùn. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí mo ti ń lo oògùn, ẹni tó ń wúkọ́ tí kò tíì lọ yẹ ara rẹ̀ wò ni kí ẹ máa sá fún. Ibí ni oògùn mi wà, ibí náà ni mo wà."

Mo sá gíńnì mi. Mo fi pẹ́ẹ̀gì aṣọ há a lọ́tùn-ún lósì, mo sì jókòó tì í títí ó fi gbẹ. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí ẹlòmíràn tó sá tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tèmi. Àwọn oníbàárà kan ní Agboju kò padà wá. Mo pa aṣọ fún àwọn tó kù. Ẹni tó bá bi mí ohun tó ṣe mí, mo ń pe orúkọ rẹ̀ fún un: ikọ́ ife. Bí mo bá fi orúkọ rẹ̀ pamọ́, òun ni mò ń bá ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn oṣù méjì, wọ́n tún kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi yẹ̀ wò. Pupa díẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, lórí bẹ́ńṣì, lójú gbogbo èèyàn. Wọ́n fi oṣù kan kún ìpín àkọ́kọ́ oògùn náà, èyí tó le jù. Nígbà tí mo délé, mo bá ìyá mi ní ẹ̀yìn ilé, wọ́n mú Fàtí dání láàárín ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n ti lọ oògùn ọmọ náà, wọ́n fi oyin pò ó, wọ́n ń fi ṣíbí fún un, wọn ò sì jẹ́ kí ìyẹ̀fun kankan ṣòfò sí ẹnu abọ́. Mo wá rí i pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe láràárọ̀, ìgbà tí mo bá lọ gbé tèmi mì. Kò sí ọjọ́ tí wọ́n fò. Mo jókòó tì wọ́n. Mo ní, "Ìyá, ẹ ti jẹun?" Ọ̀rọ̀ tí mo kọ́kọ́ rí sọ nìyẹn. Wọ́n ní àwọn kò tíì jẹun. A jọ jẹun.

Ní àyẹ̀wò tó tẹ̀ lé e, kò sí pupa mọ́. Mo ń sanra, ẹ̀gbà dúró lọ́wọ́. Fàtí parí oògùn tirẹ̀ kí n tó parí tèmi, kò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó wá ku àyẹ̀wò ìgbẹ̀yìn, èyí tí wọn yóò fi sọ pé mo ti bọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ náà mo wú ohun tí mo rí wú, kò tó nǹkan mọ́. Mo dé ike náà, mo fẹ́ gbé ìborùn.

Ìyá mi na ọwọ́. "Gbé e wá."

Mo wo ojú wọn. Mo gbé e fún wọn.

Wọn ò mú ìborùn. Wọ́n gbé ike náà sí àtẹ́lẹwọ́, níwájú àyà, wọ́n sì gba àárín kílóòsì jáde, èmi ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Ìyá Kẹ́mi ń gbálẹ̀ ní iwájú ilé. Ó kí wọn, ó bi wọ́n ohun tí wọ́n gbé dání.

Ìyá mi dúró kí wọ́n tó dáhùn, kí wọ́n lè sọ ọ́ kó dún. "Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ọmọ mi ni. Mò ń gbé e lọ kí wọ́n bá mi pa á láró."

Àǹtí Fúnkẹ́ gbà á lọ́wọ́ wọn ní ojú wíńdò, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó ní, "Màmá, èyí kì í ṣe ti obì o." Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di bẹ́ńṣì mú. Búlúù ni gbogbo rẹ̀ jẹ́ nígbà tí èsì dé, kò sí ẹyọ pupa kan.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò fi mí sílẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ara mi náà, ara yìí tí mo fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kúrò lára gíńnì bí ẹni pé kò kàn mí, tó sì tún gbé mi dìde. Àpá wà nínú ẹ̀dọ̀fóró mi òsì, ẹ́síréè fi hàn, bí mo bá sáré mo máa ń mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó lè wà níbẹ̀. Èmi ni mo ni ín. Bí ikọ́ yín bá pẹ́, ẹ gbé e lọ, ẹ má fi yẹ̀pẹ̀ bò ó.

Fàtí padà sórí bẹ́ẹ̀dì mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí èsì yẹn dé. Ó gbé etí lé mi láyà bó ti máa ń ṣe, ó gbọ́ títí, ó sì gbé orí sókè.

"Màámi, ìkòkò yẹn ò hó mọ́."

Mo ní kó tún gbọ́ dáadáa. Ó tún gbé etí lé e, ó sì sùn síbẹ̀.